Mo fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù fọ́ọ̀gì láìtì Camry mi kí ọyẹ́ tó dé, èwo ni kí n rà?

Ará_Tanke
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Camry 2008 ni mò ń wà, Tanke ni mò ń gbé, Òmù-Àrán ni ibi iṣẹ́ mi, ìdájí ni mo sì máa ń bọ́ sọ́nà. Láti Gánmọ̀ títí dé Ìdòfìàn kò sí wàhálà púpọ̀, àmọ́ tí mo bá ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo báyìí, tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, kùrukùru á kàn bo títì mọ́lẹ̀ ni, ẹni tó ń gun ọ̀kadà láìtan iná kò ní hàn sí ẹ títí wàá fi sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Fọ́ọ̀gì láìtì mi, iná kékeré ìsàlẹ̀ bọ́ńpà tó wà fún kùrukùru, ń tàn o, ó kàn ti rẹ̀ ni, kò mọ́lẹ̀ dé ibì kankan. Ẹni tó ń ta pàátì ní kí n ra LED funfun 6000K (K yẹn ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná, bó bá ṣe pọ̀ tó ni iná ń funfun tó), ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá gílóòbù 100W fi síbẹ̀ kí n má da ara mi láàmú. H11 ni wọ́n kọ sára èyí tó wà nínú ẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe, torí ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé mọ́.

Ríwáyà_GáàAkanbí
Àbúrò, má tíì náwó. Ṣé o ti wo ojú gíláàsì ẹ̀? Fọ́ọ̀gì láìtì ló sún mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo iná iwájú mọ́tò, gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn tí táyà ẹni iwájú bá ta, òun ló ń gbà á. Tó bá ti ha, tó ti pọ́n, gílóòbù yòówù kó o fi síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á kàn túká ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, wáyà. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi, ibi tí wáyà nẹ́gétíìfù ti so mọ́ ara mọ́tò ló máa ń dípẹtà. Sítáàtì mọ́tò, tan iná yẹn, kó o fi mítà wò ó. Lórí bátìrì wàá rí nǹkan bíi fólítì 14, tó o bá wá wò ó ní ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì gílóòbù tó jẹ́ 12 tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà ni iná ti ń tán. Halogen, ìyẹn irú gílóòbù tó wà nínú tìẹ, kò sì gba irú ẹ̀, tí fólítì bá fi ìdá 10 nínú 100 lọ sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 30 lọ sílẹ̀. O lè ra gílóòbù tuntun mẹ́ta kó ṣì máa rí bákan náà.

Ọ̀rọ̀ 100W yẹn, gbàgbé ẹ̀ pátápátá. H11 jẹ́ 55W, pín in sí 12, ó ń lọ sí áńpíà 4.6, méjèèjì pa pọ̀ á lé díẹ̀ ní 9. Fíùsì 15 gbà á wẹ́rẹ́. 100W méjì ń fẹ́ áńpíà tó lé ní 16. Fíùsì 15 á já, ìgbà náà ni ẹnì kan á wá fi 30 sí i, tàbí kó fi wáyà lásán dì í, iná tó yẹ kí fíùsì gé á wá máa gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá. Mo ti tú bọ́ńpà rí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ìdí gílóòbù, a ò lè yọ wọ́n kúrò lára wọn, ike ẹ̀yìn iná ti dúdú, díńgí inú ẹ̀ ti bó bí awọ ejò. Iná mọ́tò kì í ṣe nǹkan tá a fi ń ṣeré.

Ọmọ_Ọ̀fà_Gidi
Ẹ̀gbọ́n ríwáyà, òótọ́ lẹ sọ nípa 100W, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa LED náà. Òun ni mò ń lò. Kì í jẹ iná tó halogen rárá, ó ń pẹ́, tó o bá sì tan án kíá ló ń mọ́lẹ̀. Tí mo bá ń bọ̀ láti Ọ̀fà lálẹ́ mo ń rí etí títì ketekete, mo ń rí kòtò, mo ń rí ewúrẹ́ tó sùn sójú ọ̀nà. Àwọn tó ń ní LED ò dáa, ayédèrú ni wọ́n ń rà. Ará Tanke, ra LED tó dáa, 6000K yẹn gan-an ni èmi ń lò, kò sí nǹkan tó ń ṣe é.

Dírẹ́bà_ỌjàỌba
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àmójútó o. Ojú títì ni mo dàgbà sí, mo ti kó èrò lọ Ẹ̀gbẹ̀, mo ti kó wọn lọ Kàbbà títí dé Lọ́kọ́jà, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ Ọ̀fà, ohun tó o sọ yẹn, alẹ́ tí ojú ọ̀nà mọ́ ni. Alẹ́ tó mọ́ yàtọ̀ sí òwúrọ̀ tí kùrukùru bá wà nílẹ̀. Tó o bá fi iná funfun tó le yẹn wọ inú kùrukùru, ojú ara ẹ ló ń padà wá bá, o ò ní rí nǹkan kan àfi funfun. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú náà ò ní rí nǹkan kan. Ibi tí tírélà ti ń rọ́ bọ̀ láti orí òkè lápá Òmù-Àrán sí Ẹ̀gbẹ̀ yẹn, tó o bá fọ́ dírẹ́bà yẹn lójú, ọ̀dọ̀ ẹ ni yóò yà sí, kò sì ní bíréèkì tó lè dá a dúró ní kíákíá. Nígbà tiwa, yẹ́lò la mọ̀ fún kùrukùru. Yẹ́lò ló ń la kùrukùru kọjá, ẹ lọ bi àwọn àgbà dírẹ́bà.

Físíìsì_Lójoojúmọ́
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, mo fara mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yín dé, ẹ kàn jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un. Yẹ́lò kì í la kùrukùru ju funfun lọ. Kùrukùru, ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ̀ tó mákírómítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (ẹgbẹ̀rún kan mákírómítà ló wà nínú mìlímítà kan), ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí kò sì tó mákírómítà kan, láti 0.4 sí 0.7 ni. Nígbà tí ẹ̀kán omi bá ti tóbi ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ tó bẹ́ẹ̀, kò mọ yẹ́lò yàtọ̀ sí búlúù mọ́, gbogbo ẹ̀ ló ń tú ká bákan náà.

Ibi tí yẹ́lò ti wúlò ni ojú wa. Búlúù tó wà nínú iná ló máa ń ta ojú jù, iná 6000K sì kún fún un. Tí iná bá ń padà wá sójú ẹ nínú kùrukùru, èyí tí kò ní búlúù kò ní ta ẹ́ lójú tó èyí tó ní i. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà dírẹ́bà fi ń sọ pé àwọn ríran dáadáa, ojú wọn ò parọ́ fún wọn. Ní Faransé, láti ọdún 1937 títí di 1993, òfin ni pé yẹ́lò ni iná iwájú gbogbo mọ́tò wọn gbọ́dọ̀ jẹ́. Halogen lásán tiẹ̀ ti sún mọ́ yẹ́lò tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi 3200K ni.

Àmọ́ èyí tó ju àwọ̀ lọ ni ibi tí iná ń lọ. Ohun tí wọ́n fi ṣe fọ́ọ̀gì láìtì ni pé iná ẹ̀ á wà nílẹ̀, á fẹ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì, òkè ẹ̀ á sì gé gérégé kí ìmọ́lẹ̀ kankan má gòkè lọ bá kùrukùru tó wà níwájú ojú ẹ. Díńgí inú ẹ̀ àti fíláméntì gílóòbù, ìyẹn wáyà tín-ín-rín inú ẹ̀ tó ń mọ́lẹ̀, ni wọ́n jọ ṣírò pa pọ̀. Tí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde bá fi mìlímítà díẹ̀ yẹ̀, òkè ìmọ́lẹ̀ náà ò ní gé mọ́. Gílóòbù tó mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì tó ń tú iná sókè, nínú kùrukùru ó burú ju èyí tó rẹ̀ lọ.

Ará_Tanke
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n. Mo padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta pàátì, ó ní H11 ti tán, H8 ló wà, ó ní nǹkan kan náà ni, pé ká kàn fi ọ̀bẹ fá ike kékeré tó yọ sí ìdí ẹ̀ á sì wọlé. Ó tún ní gílóòbù sẹ́nọ̀n wà nílẹ̀ tí mo bá fẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ríwáyà_GáàAkanbí
Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. H8, H9, H11, H16, ìdí wọn jọra, ike kékeré yẹn ni wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í. H11 jẹ́ 55W, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ tó lumen 1350. H8 jẹ́ 35W, lumen 800 ni. H16 jẹ́ 19W péré, lumen 500. Tó o bá fi H8 síbẹ̀ kò ní jó nǹkan kan, á kàn tún wá rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó ẹ á sì ti lọ. Ẹni tí mọ́tò tiẹ̀ ń lo H8 tàbí H16 tó lọ fá ike H11 kó lè wọlé, ìyẹn ló ń wá ooru, torí wọn ò ṣe ike àti gíláàsì yẹn fún 55W.

Sẹ́nọ̀n, rárá. Ó ń fẹ́ bálásì, ìyẹn àpótí tó ń fún un ní iná, tiẹ̀ lọ́tọ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde nínú ẹ̀ kò bá ti fíláméntì mu, á sì fọ́ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ níwájú lójú. Àwọn tó ń fi sẹ́nọ̀n sínú fọ́ọ̀gì láìtì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí alẹ́ nira fún gbogbo wa ní ọ̀nà Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌyáÌbejì_Ìgbájà
Ẹ kú ìjíròrò o. Tíṣà ni mí, Corolla ni mò ń wà lọ síbi iṣẹ́. Ẹnì kan bá mi fi LED sí fọ́ọ̀gì láìtì mi lọ́dún tó kọjá, láti ìgbà náà tí òjò bá ti rọ̀ omi á kàn wà lára gíláàsì ẹ̀ nínú lọ́hùn-ún títí ọ̀sán, èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Rédíò mi náà, tí mo bá ti tan án á máa pariwo ṣàà, mi ò ní gbọ́ ìròyìn mọ́. Ṣé LED yẹn ló fà á ni àbí nǹkan míì ti bà jẹ́?

Ríwáyà_GáàAkanbí
Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá ìbejì. LED yẹn ló fa méjèèjì. Halogen máa ń gbóná síwájú, ooru yẹn ló ń lé omi kúrò lára gíláàsì. Ooru LED, ẹ̀yìn ló ń gbà jáde, iwájú ẹ̀ tutù, omi tó bá wọlé kò rí ohun tó máa gbẹ ẹ́. Ẹ tún wo ẹ̀yìn iná náà, ó lè jẹ́ pé fáànù LED yẹn gùn, rọ́bà tó yẹ kó fún ìdí gílóòbù mọ́ ara iná kò jókòó mọ́, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé. Ariwo rédíò, àpótí kékeré tó wà lára wáyà LED ló ń fà á, èyí tí wọn ò ṣe dáadáa máa ń da FM rú. Ẹ dá halogen ẹ padà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí nínú ìwé mọ́tò kẹ́ ẹ tó rà.

ÌyáÌbejì_Ìgbájà
Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé ohun tí mo lè ṣe fúnra mi ni? Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún tú gbogbo bọ́ńpà mi torí gílóòbù.

Ríwáyà_GáàAkanbí
Ẹ lè ṣe é, a ò sì ní tú bọ́ńpà. Ẹ pa mọ́tò, ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ yí sítíárìn kí táyà apá ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lè kúrò lójú ọ̀nà, ẹ óò rí ike dúdú tó bo inú ibi tí táyà wà. Ẹ yọ kílíìpù àti sukúrù mélòó kan tó wà níwájú ẹ̀, ẹ má yọ gbogbo ẹ̀ tán, ẹ kàn fa ike náà sẹ́yìn kí ọwọ́ yín lè wọlé. Ẹ óò fọwọ́ kan ẹ̀yìn iná náà. Ẹ tẹ etí sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ fà á yọ, ẹ má fa wáyà o, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ dì mú. Lẹ́yìn náà ẹ yí ìdí gílóòbù sápá òsì díẹ̀, á jáde.

Gílóòbù tuntun, ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì ẹ̀ rárá. Òróró ọwọ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ ni gíláàsì á ti gbóná ju ibòmíì lọ, kò ní pẹ́ bẹ́. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ dì í mú, tí ọwọ́ bá ṣèèṣì kàn án kẹ́ ẹ fi sípíríìtì nù ún. Kẹ́ ẹ tó dá ike padà, ẹ tan án wò ná.

Ọmọ_Ọ̀fà_Gidi
Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mo gbé mọ́tò mi dojú kọ ògiri lálẹ́, mo tan fọ́ọ̀gì láìtì nìkan. Ohun tí Físíìsì sọ nípa òkè ìmọ́lẹ̀ yẹn, mo rí i. Ọwọ́ ọ̀tún gé dáadáa, ọwọ́ òsì ń fọ́n iná sókè. Nígbà tí mo yọ ọ́ wò, LED ọwọ́ òsì kọjú sókè àti sílẹ̀, tọ̀tún kọjú sọ́tùn-ún àti sósì. Mo yí i kó bá èkejì mu, ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo LED, ẹ jẹ́ kí ojú ẹ̀ méjèèjì kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ra èyí tí pátákó àárín ẹ̀ tín-ín-rín, kí ibi tó ti ń mọ́lẹ̀ bá ibi tí fíláméntì wà mu, ẹ sì ra 3000K dípò 6000K. Mo ṣì gbà pé LED dáa. Àmọ́ èyí tí wọ́n kàn ń pariwo lumen ẹ̀ lára páálí, mi ò lè ní kí ẹnikẹ́ni rà á.

Físíìsì_Lójoojúmọ́
Ọmọ Ọ̀fà, o ṣeun, ìwádìí gidi lo ṣe yẹn. Ní Jámánì tí òfin mọ́tò ti le, ọdún 2020 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí LED tí èèyàn lè fi rọ́pò halogen nínú iná iwájú, ti Osram, H7 ni, kì í sì í ṣe fún gbogbo mọ́tò. Irú mọ́tò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó fi orúkọ ẹ̀ sínú ìwé. LED kan náà tó dáa nínú iná mọ́tò kan lè máa fọ́n iná sókè nínú òmíì, torí díńgí wọn ò rí bákan náà.

Ríwáyà_GáàAkanbí
Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe ń tò ó, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pààrọ̀ gílóòbù láìtò ó. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tó ní ògiri, kí táyà ní afẹ́fẹ́ tó pé, kẹ́ ẹ má kó ẹrù sí búùtù. Ẹ gbé mọ́tò dúró sí ẹsẹ̀ bàtà 25 sí ògiri, ìyẹn mítà 7.6. Ẹ wọn bí àárín fọ́ọ̀gì láìtì ṣe ga tó láti ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gíga yẹn sára ògiri, kẹ́ ẹ wá fa ìlà míì ní ínṣì 4 sísàlẹ̀ ẹ̀. Òkè ìmọ́lẹ̀ yẹn, ìlà ìsàlẹ̀ ni kó wà, kó má gòkè kọjá ibẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, sukúrù kékeré kan wà lẹ́yìn iná náà tẹ́ ẹ máa yí. Tí wọ́n bá ti gbá bọ́ńpà yín rí, ó ṣeé ṣe kí ojú iná ti yí, kẹ́ ẹ sì máa bú gílóòbù lórí nǹkan tí kò mọ̀ nípa ẹ̀.

Ará_Tanke
Mo ti ṣe é o. Fólítì 11.8 ló wà ní ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì mi, wáyà nẹ́gétíìfù ti di funfun fúlúfúlú bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, a ha á, a fi bóòtù tuntun dì í, ó di 13.4. Mo ní kí n tiẹ̀ tan gílóòbù àtijọ́ wò ná, ó ti mọ́lẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo wá ra H11 halogen 55W aláwọ̀ yẹ́lò, mo fi ọṣẹ eyín fọ gíláàsì, a tò ó sí ògiri. Kùrukùru wà láàárọ̀ àná lẹ́yìn Àjàṣẹ́, mo pa fúù láìtì, dímù àti fọ́ọ̀gì láìtì nìkan ni mo tàn. Kò jìnnà o, àmọ́ etí títì ọwọ́ ọ̀tún hàn sí mi dáadáa, ibi tí kóńkéré ti já bọ́ sínú koríko, mo rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa tàn án lálẹ́ lásán náà?

Dírẹ́bà_ỌjàỌba
Ọmọ mi, o káre. Pa á tí ojú ọ̀nà bá ti mọ́. Má sì torí pé o rí etí títì kó o máa sáré nínú kùrukùru. Ilẹ̀ itòsí nìkan ni iná yẹn ń fi hàn ẹ́, màlúù tó dúró sí iwájú kò ní sá fún ẹ.

Físíìsì_Lójoojúmọ́
Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Tí Ará Tanke bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 22 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kó tó fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ó ti kọjá ibi tí fọ́ọ̀gì láìtì ń ràn dé. Lálẹ́ tó mọ́ náà, tí ilẹ̀ iwájú bọ́ńpà bá mọ́lẹ̀ jù, ẹyinjú á sún kì, ohun tó wà lọ́nà jíjìn á wá ṣókùnkùn sí ẹ. Á máa dà bíi pé ò ń ríran sí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà jíjìn lo nílò.

Golf_GẹríÀlímì
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan. Golf 4 tòkunbọ̀ ni tèmi. Tí mo bá fa bọ́tìnnì iná síta dé òpin, iná pupa kan tó le gan-an máa ń tàn lẹ́yìn ní ọwọ́ òsì nìkan. Mẹkáníìkì ní gílóòbù ọwọ́ ọ̀tún ló jó, ó ti pààrọ̀ ẹ̀, síbẹ̀ kò tàn. Wọ́n ti fẹ́ tú wáyà ẹ̀yìn báyìí.

Ríwáyà_GáàAkanbí
Má jẹ́ kí wọ́n tú nǹkan kan. Fọ́ọ̀gì láìtì ẹ̀yìn nìyẹn, àwọn mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù ló ní i, ọ̀pọ̀ nínú wọn ẹyọ kan ṣoṣo ni, ẹ̀gbẹ́ ibi tí dírẹ́bà jókòó sí. Tó o bá fa bọ́tìnnì yẹn lẹ́ẹ̀kan, ti iwájú á tàn tí mọ́tò ẹ bá ní i, tó o bá fà á lẹ́ẹ̀kejì, ti ẹ̀yìn á tàn. Gílóòbù 21W ló wà nínú ẹ̀, bákan náà pẹ̀lú ti bíréèkì, ìdí nìyẹn tó fi le tó bẹ́ẹ̀. Tan án nínú kùrukùru kí tírélà ẹ̀yìn lè rí ẹ, pa á tí kùrukùru bá ti lọ, torí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ ò ní mọ ìgbà tó o tẹ bíréèkì.